Ọkọ̀ Tí Kò Fẹ́ Kí Á Sọ̀ Kalẹ̀ Kí Ènìyàn

Ilẹ̀ kò tíì mọ́ nígbà tí ọkọ mi bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ ọkọ̀ rẹ̀. Mo wà nínú yàrá, mo ń di búrẹ́dì ìyá mi sínú báàgì, mo sì ń gbọ́ wọn níta. Ọkọ̀ á ní "kẹ̀-kẹ̀-kẹ̀-kẹ̀," á sì dákẹ́. Bàbá Ṣadé, ọkọ mi, á sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ fún un, á tún yí kọ́kọ́rọ́. Nígbà tó yá, ó wúkọ́ kan tó jí gbogbo àdúgbò, èéfín bo ọgbà wa, a sì mọ̀ pé ìrìn àjò Ìdèrè ti bẹ̀rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé kí ẹ tó bá wa wọkọ̀. Pikọ́ọ̀pù oní-dísẹ́ẹ̀lì ni, àgbà ọkọ̀, tí ọkọ mi ti ń wà láti ìgbà tó ti jẹ́ ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́. Láti bí oṣù mélòó kan, bí a bá ti pa á, kì í fẹ́ jí mọ́. Àwọn mẹkáníìkì Ìbàdàn ti pààrọ̀ bátìrì, wọ́n ti pààrọ̀ púlọ́ọ̀gì, wọ́n sì ti gba ọpẹ́ lọ. Ṣadé, àkọ́bí wa tó wà ní Èkó, ti bá wa wá ẹni tí yóò rà á. Ọjọ́ Sátidé ni ẹni náà ń bọ̀. Nígbà tí bàbá rẹ̀ yarí, àwọn méjèèjì ṣe àdéhùn lórí fóònù, èmi sì ni ẹlẹ́rìí: kí ọkọ̀ náà gbé wa dé Ìdèrè, kó sì gbé wa padà. Bí ẹnikẹ́ni kò bá tì í, a kò tà á mọ́. Bí wọ́n bá tì í, kó máa bá ẹni tó fẹ́ rà á lọ.

Mo fara mọ́ àdéhùn yẹn. Nọ́ọ̀sì tó ti fẹ̀yìn tì ni mí, ẹ̀yìn ń dùn mí, ìgbà kan sì wà tí mo wọ léèsì tí mo ń ti ọkọ̀ yẹn níwájú ṣọ́ọ̀ṣì lójú gbogbo ìjọ. Síbẹ̀ ọkàn mi kò lélẹ̀. Ìyá mi la ń lọ gbé ní Ìdèrè, kó lè wá lo ìgbà òjò lọ́dọ̀ wa. Orúnkún wọn kò ṣeé ká mọ́. Wọn kò jẹ́ wọ bọ́ọ̀sì. Wọ́n ní wọ́n á ká àwọn bí ẹní. Àga iwájú pikọ́ọ̀pù yìí nìkan ló gbà wọ́n kí wọ́n na ẹsẹ̀. Bí a bá tà á, mi ò mọ ohun tí yóò tún gbé ìyá mi wá sílé mi.

A gba Ìdó jáde. Ọ̀nà náà dára níbì kan, ó sì ti jẹ níbòmíràn débi pé awakọ̀ tó ń bọ̀ níwájú á fi apá tirẹ̀ sílẹ̀ wá bá ọ lápá tìrẹ, ẹ ó sì juwọ́ síra yín bí ẹni pé bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe là á. Àpò èédú tò sí etí títì. A rí obìnrin Fúlàní kan tó ru igbá wàrà, mo sì ra díẹ̀. Ó bu omi wàrà lé e fún mi láìjẹ́ pé mo bẹ̀ ẹ́, ohun tí n kò rí rí ní ọjà wa ní Ìbàdàn. Ọkọ mi kò pa ẹ́ńjìnnì ní gbogbo àkókò yẹn. Ó ní ọjà la dúró rà, kì í ṣe pé a wá kí ènìyàn.

Èrúwà ni wàhálà ti bẹ̀rẹ̀, torí pé a mọ ènìyàn níbẹ̀. Bàbá Lánre, ọ̀rẹ́ ọkọ mi tí wọ́n jọ ṣe olùkọ́, ni wọ́n ń gbé ibẹ̀. Bí a bá kọjá láì yà, wọ́n á gbọ́ kí ilẹ̀ tó ṣú, ọ̀rọ̀ náà kò sì ní tán nínú wọn bọ̀rọ̀. Ní Ìbàdàn tiwa, bí o bá tẹ fèrè tí o sì juwọ́, o ti kí ènìyàn nìyẹn. Ní Ìbàràpá, a kì í ti ojú wíńdò ọkọ̀ kí àgbà. O gbọ́dọ̀ pa ọkọ̀, kí o sọ̀ kalẹ̀, kí o jókòó, kí o mu omi.

"Ẹ jẹ́ kó máa ṣiṣẹ́ lọ níta," mo bẹ̀ ẹ́. "Ẹ kàn kí wọn, ká máa lọ."

"Kí n dá ẹ́ńjìnnì sílẹ̀ kó máa pariwo lé wọn lórí? Wọ́n á ní mò ń sá fún oúnjẹ wọn."

Ó kọ orí ọkọ̀ sókè sí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ iwájú ilé wọn, lábẹ́ òkúta ńlá kan, ó sì pa á.

Wọ́n fún wa ní ẹ̀kọ gbígbóná àti mọ́ínmọ́ín. A jẹ, a rẹ́rìn-ín, a dìde. Kẹ̀-kẹ̀-kẹ̀-kẹ̀. Ọkọ mi yí kọ́kọ́rọ́ títí ohùn bátìrì fi ń rẹlẹ̀. Bàbá Lánre pe mẹkáníìkì àdúgbò, ẹni náà tẹ́tí sí i, ó sì mi orí.

"Pọ́ǹpù yín ti lọ, Bàbá. Ká tú u sílẹ̀ ni. Ẹ sùn síbí lónìí."

Ojú ọkọ mi rẹ̀wẹ̀sì. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Pólì tó ń kọjá lọ kò dúró kí ẹnikẹ́ni pe àwọn. Wọ́n gbé ìwé wọn lélẹ̀, wọ́n yí ọkọ̀ wa padà, wọ́n sì tì í lọ sísàlẹ̀ gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ náà tìdùnnú-tìdùnnú. Kó tó dé ìsàlẹ̀, ó ti jí.

"Ó ti parí nìyẹn," mo ní nígbà tí a tún dé ojú títì.

"Èwo ló parí? Gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ ló gbé e lọ. Àwọn ọmọ yẹn kàn fọwọ́ kàn án ni."

Mo rẹ́rìn-ín títí omi wàrà fi dà sí mi láṣọ. Àmọ́ mo rí i pé ó ń fọwọ́ pa sítíárìn lára bí ẹni tó ń rẹ ọmọ, ẹ̀rín sì kúrò lẹ́nu mi. Àánú rẹ̀ ṣe mí gidi.

Ní Igbó-Ọrà, a yà sọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin, Màmá Táyé. Láfún tí wọ́n ń sá ti gba gbogbo iwájú ilé wọn, kò sí ibi tí a lè gbé ọkọ̀ sí ju ẹ̀gbẹ́ kan lọ, níbi tí ilẹ̀ ti dagun, tí imú ọkọ̀ kọ sísàlẹ̀. Wọ́n ro ọkà láfún fún wa, wọ́n sì fi ọbẹ̀ ìlasa lé e. Ewé ilá ni ìlasa, ó ń yọ̀ dáadáa, àwọn ará Igbó-Ọrà á sì fẹ̀sùn kàn ọ́ pé o ò fẹ́ràn wọn bí o bá jẹ ẹ́ kù. Ọ̀rọ̀ ẹbí gùn. Nígbà tí a jáde, mo ti ń ká apá aṣọ mi sókè láti tì. Ọkọ mi yí kọ́kọ́rọ́ lẹ́ẹ̀kan, ọkọ̀ sì dáhùn.

"O ò rí i?" ó ní. "Ó mọ ilé ẹ̀gbọ́n mi."

Mo ń ro nǹkan.

"Bàbá Ṣadé," mo ní nígbà tó yá, "nílé wa, ibo ni imú ọkọ̀ yìí máa ń kọ sí?"

"Òkè."

"Ní Èrúwà ńkọ́?"

"Òkè náà ni."

"Nílé Màmá Táyé?"

"Ìsàlẹ̀," ó ní. "Àmọ́ epo kì í ṣàdédé sá padà sínú táǹkì, Màmá Ṣadé."

Ibi tí iṣẹ́ nọ́ọ̀sì mi ti wúlò nìyẹn. Bí o bá di ẹnu òkè rọ́bà dírípù pinpin, omi inú rẹ̀ á dúró síbi tó wà. Bí afẹ́fẹ́ bá ráyè wọlé díẹ̀ báyìí, omi á sá lọ. Mo ṣàlàyé rẹ̀ fún un bẹ́ẹ̀: ẹ̀yìn ni táǹkì wà, bí imú ọkọ̀ bá gbé sókè, epo á fẹ́ padà sẹ́yìn, àmọ́ kò lè lọ àfi bí afẹ́fẹ́ bá gba ipò rẹ̀. Ibì kan ti ṣí.

"Kò síbi tó ṣí," ọkọ mi ní. "Mo tẹ́ páálí sábẹ́ rẹ̀ mọ́jú, ẹ̀kán epo kan kò kán sí i. Ṣé o ti gbàgbé pé èmi fúnra mi ni mo fi okùn túúbù dí ibi tó ń jò?"

Mi ò gbàgbé. Okùn túúbù ni rọ́bà tí a gé gbọọrọ láti ara túúbù táyà tó ti gbó. Òun ni wọ́n fi ń di iṣu mọ́ ẹ̀yìn ọ̀kadà, òun náà ni wọ́n fi ń so ẹsẹ̀ àga tó ń mì. Nígbà tí epo ń kán lára fílítà, ìyẹn asẹ́ epo, ọkọ mi wé e mọ́ ẹnu họ́ọ̀sì ibẹ̀ kitikiti. Epo kò kán mọ́, gbogbo àlejò ilé wa ló sì gbọ́ nípa rẹ̀.

A bá ìyá mi ní Ìdèrè, wọ́n jókòó síta ti ẹrù wọn. Wọ́n gbàdúrà fún wa, wọ́n sì bi ọkọ mi bóyá ọkọ̀ rẹ̀ ṣì lágbára. Mo ní kó kọ imú rẹ̀ sókè kó sì pa á. Ó wò mí bí ẹni tí mo dalẹ̀ rẹ̀, àmọ́ ó ṣe é. A wẹ̀, a jẹun, ó yí kọ́kọ́rọ́. Ọkọ̀ kọ̀. Àwọn aládùúgbò ti ń bọ̀ wá tì í, mo bá na apá méjèèjì.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fọwọ́ kàn án."

Bíríkìlà kan ń gbé nítòsí. Mo tọrọ díẹ̀ lára rọ́bà tí wọ́n ń rọ omi sí láti mọ̀ bóyá ògiri dọ́gba, torí pé inú rẹ̀ hàn kedere. Ó gé e fún wa, ó sì tẹ̀lé wa wá wòran. Ọkọ mi fi í sáàárín fílítà àti pọ́ǹpù. Ó wá fi àtẹ́lẹwọ́ tẹ ohun kékeré tó wà lórí fílítà, tí wọ́n fi ń fa epo wá, léraléra, títí ó fi le lọ́wọ́ rẹ̀. Ó yí kọ́kọ́rọ́. Ọkọ̀ jí. Nínú rọ́bà náà, a rí ìfófòó kéékèèké tí wọ́n ń tẹ̀lé ara wọn nínú epo.

Ọkọ mi lóṣòó tì í. "Afẹ́fẹ́ nìyẹn," ó ní ní ohùn kékeré. "Ṣùgbọ́n kò jò."

"Ẹ́ńjìnnì ń fà," mo ní. "Ibi tí epo kò lè gbà jáde, afẹ́fẹ́ lè gbà á wọlé."

Ó kù ká mọ ibẹ̀. Mo wọ yàrá ìyá mi, mo gbé igbá òrí wọn jáde.

"Òrí orúnkún mi?" wọ́n ní.

"Díẹ̀ ni, Màmá."

"Ẹ ṣáà má tán an."

Òrí nípọn, kò sì tètè ṣàn, ó lè dí ojú ihò fúngbà díẹ̀. Mo fi í pa ojú ìsopọ̀ kan, a dúró, ìfófòó ń lọ. Mo pa èkejì, wọ́n ń lọ. Nígbà tí mo pa okùn túúbù náà yíká, ìfófòó dínkù, wọ́n sì tán. Epo inú rọ́bà mọ́ gaara.

Ọkọ mi pa ẹ́ńjìnnì, ó sì tú okùn náà fúnra rẹ̀. Ẹnu họ́ọ̀sì abẹ́ rẹ̀ ti sán bí gìgísẹ̀ lásìkò ọyẹ́. Okùn rẹ̀ lágbára tó láti dá epo dúró, àmọ́ kò dá afẹ́fẹ́ dúró. Mo ní ọ̀rọ̀ lẹ́nu, mo gbé e mì. Ìyá mi ni kò gbé tiwọn mì.

"Bàbá Ṣadé, ẹ kú iṣẹ́. Ẹ̀yin lẹ dè é, ẹ̀yin náà lẹ tú u."

Òun náà bú sẹ́rìn-ín. Ó gé ibi tó sán kúrò, ó ra kílíìpù onírin lọ́dọ̀ ẹni tó ń tún ọ̀kadà ṣe, ó sì fún un le. A fi ọkọ̀ náà sílẹ̀ mọ́jú, imú rẹ̀ lókè. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ìyá mi ti wẹ̀, wọ́n ti wọ bàtà. Ọkọ mi yí kọ́kọ́rọ́, ọkọ̀ sì jí lójú ẹsẹ̀. Ó sọ̀ kalẹ̀, ó sì dọ̀bálẹ̀ fún ìyá mi lẹ́ẹ̀kejì láàárọ̀ ọjọ́ kan náà. Inú mi dùn débi pé omi bọ́ lójú mi.

Ìyá mi na ẹsẹ̀ níwájú, èmi há sáàárín. Ọkọ mi wá di ẹni tí kò lè kọjá ilé ojúlùmọ̀ láì yà kí wọn. Ó yà sọ́dọ̀ Màmá Táyé. Ní Èrúwà, ó tún lọ gun gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ Bàbá Lánre, ó fi ìgbéraga pa ọkọ̀, ó sì ránṣẹ́ pe mẹkáníìkì àná kó wá gbọ́ bó ṣe ń jí. Ẹni náà gbọ́, inú rẹ̀ dùn, ó ní kí n tún ọ̀rọ̀ òrí yẹn sọ. Ní Ìdó, ọkọ mi ń wá ilé ẹnì kan tó kọ́ níwèé nígbà kan rí.

"Bàbá Ṣadé," ìyá mi ní, "ẹ jẹ́ ká délé."

A dé kí oòrùn tó wọ̀. Mo kọ́ ọgbọ́n kan lójú ọ̀nà yẹn: pé ohun kan kò jò síta kò túmọ̀ sí pé ara rẹ̀ le. Mo ṣì ń gbé ẹrù wọlé nígbà tí fóònù dún. Ṣadé ni.

"Mọ́mì, ẹ̀yin ni ẹlẹ́rìí o. Ṣé wọ́n tì í?"

Ọkọ mi dúró lẹ́nu ọ̀nà, kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Kò ṣẹ́jú sí mi, kò sì bẹ̀ mí. Lórí àga, ìyá mi ti na ẹsẹ̀ méjèèjì, wọ́n ń fi òrí tó kù pa orúnkún.

"Wọ́n tì í," mo ní. "Ní Èrúwà."

Ọkọ mi sorí kọ́.

"Sọ fún ẹni tó fẹ́ rà á pé kó jókòó sílé rẹ̀," mo ní. "Ọkọ̀ tó gbé ìyá mi wá bá mi, mi ò tà á."