Ọdún Mẹ́fà Tí A Gé Lára Bọ̀ọ̀dá Philip

Ìṣirò ni mò ń kọ́ àwọn ọmọ ní Ìsàlẹ̀ Ọ̀yọ́, nítorí náà kò sẹ́ni tó lè fi ìyọkúrò rẹ́ mi jẹ. Bọ̀ọ̀dá mi, Philip Dáramọ́lá, àkọ́bí ìyá wa, pé ọmọ ogójì ọdún lóṣù kẹta tó kọjá yìí. Nínú ìwé ìrìnnà rẹ̀, mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n ni. Èmi Oyèrónkẹ́ tí mo tẹ̀lé e, mẹ́tàdínlógójì. Ẹ bá mi rò ó: lórí ìwé, èmi ni ẹ̀gbọ́n ẹni tó ń fà mí lọ́wọ́ lọ sílé ìwé.

Bàbá wa ló gé ọdún mẹ́fà yẹn kúrò. Lọ́dún 2009, ọkùnrin kan tó ń wá agbábọ́ọ̀lù kiri wá sí pápá kan ní Ògbómọ̀ṣọ́. Ó rí bí Bọ̀ọ̀dá ṣe ń fò mú bọ́ọ̀lù, ó ní aṣọ́lé gidi nìyí, àmọ́ ọmọ ọdún mẹ́tàlélógún ti gbó jù lójú òyìnbó. "Ẹ wá nǹkan ṣe sí i." Bàbá wa wá nǹkan ṣe sí i. Ọjọ́ orí bọ́ọ̀lù ni wọ́n ń pè é, gbogbo ẹgbẹ́ Bọ̀ọ̀dá ló ní in. Kí oṣù tó parí, ìwé ẹ̀rí ìbí tuntun ti dé, ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún ni. Mo bú sẹ́rìn-ín lọ́jọ́ náà, òmùgọ̀ ni mí.

Ẹ má rò pé ó di olówó o! Scotland ló já sí, ṣùgbọ́n kì í ṣe ọ̀dọ̀ àwọn kíláàbù ńlá tí ẹ ń wò ní ilé ìwòran bọ́ọ̀lù. Ìsàlẹ̀ pátápátá nínú líìgì wọn ni, ní ìlú kékeré kan létí òkun, níbi tí atẹ́gùn ti ń dá bọ́ọ̀lù padà fún ẹni tó gbá a. Èrò ìwòran wọn ò ju ọ̀ọ́dúnrún lọ. Lójúmọmọ, á máa di ẹja sínú páálí níléeṣẹ́ kan. Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ Ìṣẹ́gun àti Ọjọ́bọ̀, á lọ ṣe ìdánrawò. Lọ́jọ́ Sátidé, á dúró síwájú àwọ̀n. Ọdún mẹ́tàdínlógún, kíláàbù mẹ́rin, ìka mẹ́ta tó ti ṣẹ́ rí. Bó bá dọjọ́ tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń fẹ̀yìn tì, ọdún mẹ́fà gbáko ló máa ṣì fi ṣiṣẹ́ lé e. Síbẹ̀, ó fẹ́ràn bọ́ọ̀lù. Ó ní bí òun bá ti wọ ìbọ̀wọ́, òun kì í rántí òtútù mọ́.

Màmá wa ò mọ nǹkan kan nípa bọ́ọ̀lù. Àmọ́ gbogbo Sátidé ni mo ń wọ mọ́tò láti Ọ̀yọ́ lọ bá wọn ní Ògbómọ̀ṣọ́, kí n lè ka ohun tí kíláàbù ń kọ sórí íńtánẹ́ẹ̀tì sí wọn létí. Bí aṣọ́lé bá ń ṣe dáadáa, wọn kì í sábà dárúkọ rẹ̀. Màmá ti mọ̀ bẹ́ẹ̀.

"Ṣé wọ́n ti dárúkọ ẹ̀?"

"Rárá, Màmá."

"Olúwa, a dúpẹ́. Àmọ́ kí wọ́n kúkú dárúkọ ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, kí n gbọ́."

Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ló wálé, nígbà ìsìnkú Bàbá, ọjọ́ márùn-ún péré. Èmi ni mo kọ orúkọ àwọn ọmọ sínú ìwé ètò. Ẹ̀rù bà mí pé àwòrán ìwé náà lè rìn dé ọ̀hún, ni mo bá kọ ara mi ṣáájú àkọ́bí. Àwọn ẹbí bú mi débi tó yẹ. Bọ̀ọ̀dá ò bú mi, ó kàn ń wo bàtà rẹ̀.

Níbẹ̀rẹ̀ ọdún yìí, kíláàbù rẹ̀ ní àwọn fẹ́ fún un ní àdéhùn ọdún kan sí i, pé mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n ò tíì pọ̀ jù fún aṣọ́lé. Àsìkò yẹn gan-an ni Màmá dìde. Wọ́n ní àkọ́bí àwọn fẹ́ pé ogójì, àwọn á ṣe ìdúpẹ́, kí pásítọ̀ dárúkọ Philip kí gbogbo ìjọ gbọ́. Bí kò bá tiẹ̀ lè wálé, ohun kan ṣoṣo tí àwọn fẹ́ nìyẹn.

Yéè! Ìjọ Onítẹ̀bọmi tiwa ń gbé ìsìn sórí Fesibúùkù. Bí ẹnì kan bá rí i lọ́hùn-ún, bọ́ọ̀lù parí, ìwé ìgbélùú parí. Wọ́n ní bí irọ́ bá sáré fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ máa bá a. Tiwa ti sáré fún mẹ́tàdínlógún, ó ku mẹ́ta.

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe é."

"Oyèrónkẹ́, ọdún mẹ́fà wo lẹ gé? Ti iwájú ni àbí ti ẹ̀yìn?"

Kí olùkọ́ ìṣirò tó ṣí ẹnu, Màmá ti dáhùn fúnra wọn.

"Ti iwájú ni. Lórí ìwé yín, wọn ò tíì bí i nígbà tí gìrì mú un, tí mo gbé e sáré láti Ìrẹsà dé ọsibítù ní Ògbómọ̀ṣọ́. Wọn ò tíì bí i nígbà tó kọ́kọ́ pè mí ní Màmá. Ọdún tí mo fi tọ́ ọ gan-an lẹ gé dànù. Òyìnbó wá gba ìyókù. Èwo ló kù fún mi?"

Mo sunkún. Mo pe Bọ̀ọ̀dá, mo ní, "Ẹ bá Màmá sọ̀rọ̀."

"Rónkẹ́, jẹ́ kí wọ́n ṣe é."

"Àdéhùn yín ńkọ́?"

"Bó bá bàjẹ́, màá wálé nìyẹn."

Ẹ má dá mi lẹ́jọ́: mo gbàdúrà kó bàjẹ́. Àárò rẹ̀ ń sọ mí, ó ti pẹ́ jù.

Lọ́jọ́ Ìsinmi náà, Màmá fà mí lọ́wọ́ jáde síwájú ìjọ. Mo mọ̀ pé Bọ̀ọ̀dá ń wò wá lórí fóònù. Pásítọ̀ na ẹ̀rọ gbohùngbohùn sí wọn, ó ní kí la fẹ́ dúpẹ́ fún.

"Àkọ́bí mi pé ogójì ọdún lọ́sẹ̀ yìí."

Ìjọ hó yèè. "Kí lorúkọ rẹ̀, Màmá?"

Màmá wo kámẹ́rà. Mo ń retí kí wọ́n pe Philip, gbogbo ara mi ń fẹ́ gbọ́ ọ. Wọ́n gbé ọwọ́ mi sókè.

"Oyèrónkẹ́ ni. Òun rè é."

Wọ́n kọrin, wọ́n jó yí mi ká, wọ́n gbàdúrà sórí ogójì ọdún tí n kò tíì pé. Nígbà tí a délé, fóònù Màmá dún, Bọ̀ọ̀dá ni. Màmá ò gbà á, wọ́n nà án sí mi, wọ́n wọ yàrá wọn lọ. Mo gbọ́ atẹ́gùn òkun lẹ́yìn rẹ̀. Òun ló kọ́kọ́ fọhùn.

"Ẹ kú ọjọ́ ìbí o, ẹ̀gbọ́n mi."

Mo fẹ́ rẹ́rìn-ín, kò wá. Lóṣù karùn-ún, ó tọwọ́ bọ ìwé ọdún kan sí i.