Adìẹ Méjì fún Onílẹ̀

Ẹni tí kò bá gbé inú ilé onílé rí kò lè mọ bí etí ayálégbé ṣe máa ń ṣọ́ ẹsẹ̀ onílé. Ní gbogbo ìgbà tí a fi gbé inú basement kan, ìyẹn yàrá abẹ́ ilé, ní Calgary ní Kánádà, mo máa ń mọ̀ tí bàbá tó nilé bá jí, mo máa ń mọ̀ tó bá lọ sí kíṣìnì, mo sì máa ń mọ̀ tí inú rẹ̀ kò bá dùn, torí á máa rìn lọ rìn bọ̀ lórí wa ni. Bàbá Òkè la ń pè é láàárín ara wa. Òun fúnra rẹ̀ ní ká máa pe òun lórúkọ. Èmi? Kí n máa pe ẹni tó ju bàbá mi lọ lórúkọ? Ẹnu mi kò gbà á. "Sir" ni mo ń pè é títí a fi kúrò níbẹ̀.

Kì í ṣe pé a fẹ́ràn basement. Ilé gidi la ń gbé tẹ́lẹ̀ ní Saddle Ridge, nígbà tí ọkọ mi ṣì ń ṣiṣẹ́ ẹnjiníà ní ilé iṣẹ́ epo kan ní downtown. Nígbà tí owó epo já wálẹ̀, wọ́n dá wọn dúró lọ́wọ̀ọ̀wọ́. Ọkọ mi gbé páálí kan wálé: ife tíì, fọ́tò ọmọ wa, àti bàtà tó máa ń wọ̀ lọ sí sáìtì. Ó gbé e sẹ́yìn ilẹ̀kùn, kò sì tú u. Iṣẹ́ ìtọ́jú arúgbó tí mo ń ṣe, tí wọn kì í pè mí sí àfi tí ẹlòmíràn kò bá wá, ni àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta gbójú lé. Nígbà náà, ẹ ò lè rí ilé gbà ní ìlú yẹn láìní lẹ́tà iṣẹ́ lọ́wọ́. Onílé á rẹ́rìn-ín sí yín, á ní òun máa pè yín, ó parí nìyẹn. Bàbá Òkè nìkan ni kò béèrè lẹ́tà. Ó wo ọmọbìnrin wa tó di aṣọ mi mú, ó ní ká máa kó ẹrù wa bọ̀. Bí a bá pàdánù basement yẹn, a ò mọ ibi tí a máa forí lé.

Ẹ̀gbẹ́ yàrá wa ni ẹ̀rọ tó ń mú ilé móoru wà, ibẹ̀ náà ni wọ́n to àwọn àpótí irin kan sí. Mo kọ́kọ́ rò pé irinṣẹ́ ló wà nínú wọn. Ìwé ni. Ìwé ilẹ̀ ìdílé Bàbá Òkè láti Ireland. Àwọn baba ńlá rẹ̀ nilẹ̀ níbẹ̀ débi pé ẹlẹ́ṣin á gbéra láàárọ̀, ọ̀sán á pọ́n, kò ní tíì dé ààlà. Nígbà tó yá, ìjọba pín ilẹ̀ náà fún àwọn tó ń dáko lórí rẹ̀. Ilé ńlá wọn jóná, ìwé nìkan ni wọ́n rí yọ, àbúrò bàbá ńlá rẹ̀ sì kó wọn wá sí Alberta, níbi tí kò ti ní ilẹ̀ kankan. Mo bi í pé kí ló dé tí ẹni tí ilé rẹ̀ ń jóná fi kó ìwé dípò aṣọ. Ó ní láti kékeré lòun náà ti ń bi ara òun.

Ojú rẹ̀ ti ń lọ. Ó fẹ́ kọ ìtàn ìdílé rẹ̀ kó tó kú, kò sì lè kàwé mọ́. Ọmọkùnrin kan ṣoṣo tó ní ń gbé ní Okotoks, ìlú kékeré kan nítòsí Calgary, òun náà wà nídìí iṣẹ́ epo, kò ráyè. Bó ṣe di pé èmi ni mò ń kà á fún un nìyẹn, lọ́sàn-án, kí n tó lọ síbi iṣẹ́. Á sọ̀kalẹ̀ wá tòun ti ife tíì rẹ̀, á jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì ọmọ wa, á ní ó yá. Mo ka àdéhùn tí wọ́n kọ sára awọ ẹran, tí òǹtẹ̀ pupa ṣì wà lára rẹ̀. Mo ṣàpèjúwe máàpù fún un. Mo ka lẹ́tà àwọn ajẹ́lẹ̀, torí àwọn baba ńlá rẹ̀ kì í sábà gbé lórí ilẹ̀ náà. London ni wọ́n ti ń jayé, ajẹ́lẹ̀ ló ń bá wọn gba owó ilẹ̀ lọ́wọ́ àwọn àgbẹ̀. Ìkọ̀wé wọn rí bí ipa ẹsẹ̀ adìẹ nínú ẹrẹ̀, ṣùgbọ́n ojú mi mọ́ ọn lára.

Ohun tí Bàbá Òkè kò mọ̀ ni pé èmi náà mọ ìtàn yẹn, láti ìsàlẹ̀ ni mo ti mọ̀ ọ́n. Ilẹ̀ onílẹ̀ ni bàbá mi fi dáko kókó. Bàbá tirẹ̀ ló tọrọ ilẹ̀ náà, àtìgbà náà la sì ti ń san ìṣákọ́lẹ̀. Tí ọdún bá ń parí lọ, bàbá mi á ṣa iṣu tó dára jù, á so adìẹ méjì lẹ́sẹ̀, á rọ epo pupa sínú kẹ́ẹ̀gì, á kó wa lẹ́yìn, ó di ilé onílẹ̀. Á dọ̀bálẹ̀. Tí bàbá onílẹ̀ bá ti gba adìẹ, tó ní ẹ kú ọdún, ẹ ó ṣe púpọ̀ rẹ̀ láyé, ọkàn bàbá mi á balẹ̀ di ẹ̀ẹ̀míì. Ọ̀rọ̀ náà kò ta kókó: ẹni tó mú ìṣákọ́lẹ̀ wá ti gbà pé òun kọ́ lòun nilẹ̀, ẹni tó bá sì gbà á ti gbà pé òun kò ní lé e. Kò sẹ́ni tó kọ ọ́ sílẹ̀. Mo kórìíra ìrìn yẹn bí nǹkan míì. Inú máa ń bí mi láti rí bàbá mi ní ìdojúbolẹ̀ ní pálọ̀ ẹlòmíràn. Ṣùgbọ́n wọn kò lé wa rí, orí ilẹ̀ náà ni bàbá mi sì kú sí.

Ẹ wá wo bí ara mi ṣe rí lọ́jọ́ tí mò ń ka ìwé owó ilẹ̀ kan, tí mo rí i pé lẹ́yìn orúkọ àgbẹ̀ kọ̀ọ̀kan àti owó tó san, wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé adìẹ méjì, Kérésìmesì. Àwọn mìíràn mú mẹ́rin wá. Mo béèrè kí ni ti adìẹ. Bàbá Òkè ní adìẹ ọ̀ranyàn ni, pé gbogbo ẹni tó ń dáko lórí ilẹ̀ àwọn ló gbọ́dọ̀ mú adìẹ wá fún onílẹ̀ ní Kérésìmesì, ì báà rí tirẹ̀ jẹ, ì báà má rí. Mo pàtẹ́wọ́. Mo ní ìṣákọ́lẹ̀ nìyẹn o! Mo ṣàlàyé tiwa fún un, ó fetí sílẹ̀, ó ní ó jọra púpọ̀. Mo sáré lọ bá ọkọ mi ní yàrá kejì, mo ní òyìnbó tó wà lókè yìí, ìdílé agbàṣákọ́lẹ̀ ni. A rẹ́rìn-ín lọ́jọ́ náà bí a kò ṣe rẹ́rìn-ín látìgbà tíṣẹ́ ti bọ́.

Nígbà tí òtútù wọlé dáadáa, iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ ọmọ Bàbá Òkè náà. Ẹsẹ̀ bàbá náà lórí wa ló kọ́kọ́ sọ fún wa. Ọmọ náà bẹ̀rẹ̀ sí í ti Okotoks wá lọ́jọ́ iṣẹ́, á jókòó pẹ́ sínú mọ́tò níwájú ilé kó tó wọlé. Lọ́jọ́ kan ó sọ̀kalẹ̀ wá bá wa, ó ní òun fẹ́ wo ẹ̀rọ. Kò wo ẹ̀rọ kankan. Ó wo yàrá, ó wo fèrèsé, ó wo bẹ́ẹ̀dì ọmọ wa, ó kí wa, ó gòkè lọ. Ọkọ mi wò mí. Ẹ̀gbọ́n kan wà ní ṣọ́ọ̀ṣì wa, ní Saddle Ridge, tí basement rẹ̀ máa tó ṣófo. Ó ti ní tí a bá fẹ́ ẹ, ká tètè wí, torí àwọn mìíràn ń béèrè.

Ọkọ mi ló kọ́kọ́ sọ ọ́, ṣùgbọ́n ó ti wà lẹ́nu tèmi náà. Ó ní ká lọ san ìṣákọ́lẹ̀ fún bàbá yìí. Kò rẹ́rìn-ín bó ṣe ń sọ ọ́. Ó wakọ̀ lọ sí oko kan lẹ́yìn Okotoks, níbi tí àwa ọmọ Nàìjíríà ti ń ra àgbà adìẹ, èyí tó le, tí kì í tú sínú ọbẹ̀. Ó ra méjì. Mo ra odindi iṣu ní ṣọ́ọ̀bù àwọn ará wa ní apá northeast ìlú. Ní ọ̀sẹ̀ Kérésìmesì, àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta múra, a gòkè lọ, ọkọ mi sì dọ̀bálẹ̀ gbalaja sórí rọ́ọ̀gì. Àyà Bàbá Òkè já, ó rò pé ó ṣubú ni, ó ti fẹ́ pe ambulance. Mo ṣàlàyé. Ó na ọwọ́, ó fọwọ́ kan adìẹ, torí kò ríran dáadáa. Ó ní, "Adìẹ ọ̀ranyàn!" Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ó fi ọwọ́ méjèèjì gbà wọ́n, ó ní Ọlọ́run á bù kún ilé wa.

Ó gbà á. Ó tún mọ ohun tó gbà, ó pè é lórúkọ. Kí la tún ń fẹ́? Ọkọ mi sùn lọ́sàn-án ọjọ́ náà bí ọmọ tuntun. Mo pe ẹ̀gbọ́n Saddle Ridge, mo ní a dúpẹ́, ẹ jẹ́ kí ẹlòmíràn gbà á.

Ọdún tuntun kò tíì pẹ́ tí Bàbá Òkè sọ̀kalẹ̀ wá láìmú tíì dání. Bébà kan ṣoṣo ló wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó jókòó síbi tó máa ń jókòó, ó nà án sí mi, ó ní kí n jọ̀ọ́ kà á. Bí mo ṣe máa ń ka gbogbo ìwé rẹ̀ sókè ni mo ka èyí náà sókè. Mo ti kà á dé ààbọ̀ kí n tó mọ̀ pé orúkọ wa ló wà níbẹ̀. Notice ni. Ọmọ rẹ̀ ló tẹ̀ ẹ́. Wọ́n ní ká kó jáde kí ìgbà òtútù tó tán.

Ó ní báńkì ti ń gba ilé ọmọ òun ní Okotoks, pé ọmọ náà àti ìyàwó rẹ̀ àtàwọn ọmọ wọn ló ń bọ̀ wá gbé basement. Omi wà lójú rẹ̀. Mo mọ̀ pé ọmọ ẹni kì í ṣèdí bẹ̀bẹ̀rẹ̀ ká fi ìlẹ̀kẹ̀ sídìí ọmọ ẹlòmíràn. Èmi náà bímọ. Ṣùgbọ́n inú bí mi.

Mo ní, "Ẹ jẹ adìẹ wa. Ẹ fọwọ́ méjèèjì gbà á, ẹ sì jẹ ẹ́."

Ó fọwọ́ pa ìdérí àpótí tó súnmọ́ ọn.

Ó ní, "Gbogbo wọn ló ń mú adìẹ wá. Àwọn tí a lé náà mú un wá. Lọ́dún tí a lé wọn gan-an, wọ́n mú un wá."

Lẹ́yìn tó gòkè, mo ṣí ìwé náà. Òótọ́ ló sọ. Wọ́n fi ìlà pa orúkọ àwọn kan rẹ́, adìẹ wọn sì wà níbẹ̀, wọ́n ti gbà á. Mo wá ń rò ó títí ilẹ̀ fi ń ṣú. Ní ìlú wa, kì í ṣe adìẹ ló ń di onílẹ̀ lọ́wọ́. Àwọn aládùúgbò tó jókòó síta, tí wọ́n rí wa bí a ṣe gbé e wọlé, ni. Bó bá lé bàbá mi lẹ́yìn ìyẹn, ojú ta ló fẹ́ fi wò ní ìlú? Ní Calgary, ta ló rí wa? Snow ló wà níta.

Lọ́jọ́ tí a kó, ọmọ Bàbá Òkè ń gbé àwọn àpótí ìwé náà lọ sí gáréèjì kí ààyè lè wà fún bẹ́ẹ̀dì àwọn ọmọ rẹ̀. Gáréèjì ti kún, ó fi méjì sílẹ̀ sí gbangba, snow bẹ̀rẹ̀ sí í bò wọ́n. Kò sẹ́ni tó máa ka ìyókù fún bàbá yẹn mọ́. Àánú rẹ̀ ṣe mí, inú rẹ̀ sì tún ń bí mi, méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà láìwọ kóòtù. Mo kúnlẹ̀ kí i, torí bí wọ́n ṣe tọ́ mi nìyẹn. Ọmọ mi bi mí nínú ọkọ̀ pé, "Is Grandpa mad at us?"

Ẹ̀gbọ́n Saddle Ridge ti gbé basement fún ẹlòmíràn, bí mo ṣe ní kó ṣe. Pálọ̀ ló fún wa. A tẹ́ mátíréèsì sílẹ̀ sẹ́yìn àga, ẹ̀yìn tí ará ilé bá wo tẹlifíṣọ̀n tán la tó lè sùn. Wọ́n ṣe wá dáadáa, n kò ní parọ́ mọ́ wọn. Lọ́jọ́ Sátidé àkọ́kọ́, ọkọ mi yọ iṣu kan nínú ẹrù wa, ó fi aṣọ nù ún, ó ń ṣàtúnṣe ṣòkòtò rẹ̀ bí ẹni tó fẹ́ dọ̀bálẹ̀. Mo mọ̀ pé ẹ̀gbọ́n ló fẹ́ gbé e lọ fún. Mo dìde, mo gba iṣu náà lọ́wọ́ rẹ̀. Kò bá mi jà.

Mo ní, "Dádì, ẹ jẹ́ ká jẹ ẹ́."

Mo bẹ ẹ́, mo sè é, àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jókòó sórí mátíréèsì, a jẹ ẹ́ tán.