Ọmọláńgidi Awakọ̀ Òfurufú Tó Kúrò Nínú Agolo

Nígbà tí ṣòkòtò péńpé ṣì jẹ́ aṣọ iyì lára mi, tí mo ṣì ń fẹsẹ̀ rìn lọ sí sẹ́kọ́ńdìrì ní Ṣakí, ohun kan wà tó gba gbogbo ọkàn àwa ọ̀dọ́: fíìmù àwọn ará òfurufú. Mo mọ̀ pé ẹ̀yin ọmọ ìwòyí á fẹ́ rẹ́rìn-ín. Ẹ rín in tán ná kí ẹ tó gbọ́ mi. Ọkùnrin kan ló máa ń gbé ẹ̀rọ sinimá wá láti Ìbàdàn, á gbé e kalẹ̀ nínú gbọ̀ngàn onípáànù kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ gáréèjì lọ́sàn-án Sátidé, wọ́n á sì fi aṣọ dúdú dí gbogbo fèrèsé. Ooru ibẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ lè se ẹyin, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó ń jáde.

Ìtàn náà dá lórí awakọ̀ kan tó ń wa ọkọ̀ láàárín ìràwọ̀. Orí rẹ̀ dán, kò ní irun kankan, aṣọ rẹ̀ sì ń kọ mànà bíi páànù tuntun. Àbúrò rẹ̀ kan ṣoṣo ló sọnù sínú òfurufú, òun náà sì ń wá a kiri. A wo apá kìíní, a wo apá kejì. Ní ìparí apá kejì, ẹnì kan kan ilẹ̀kùn ọkọ̀ rẹ̀. Ó ṣí i, ẹni náà dúró síbẹ̀, ó ní òun ni àbúrò rẹ̀. Ibẹ̀ ni wọ́n parí rẹ̀ sí. Wọ́n ní ká máa retí apá kẹta.

Àríyànjiyàn wá bẹ̀rẹ̀. Ọ̀rẹ́ mi tímọ́tímọ́, ọmọ ìdílé oníṣòwò kan ládùúgbò wa, ní àbúrò rẹ̀ gan-an ni. Èmi ní irọ́ ni, ọ̀tá ló gbé ojú àbúrò wọ̀. Ẹni tó ti sọnù tipẹ́ báyẹn, ta ló júwe ọ̀nà fún un? Ó rìn jìnnà tó bẹ́ẹ̀, kí ló dé tí kò béèrè omi mu? Wọ́n ní ìfura loògùn àgbà; èmi ti ń lo oògùn yẹn kí n tó dàgbà. Ẹnì kẹta wa, ọmọ ọdẹ kan, ní tòun ni pé kí awakọ̀ náà kọ́kọ́ yìnbọn ná, kó wá béèrè orúkọ lẹ́yìn.

Kì í ṣe ẹnu lásán la fi fẹ́ràn fíìmù yìí. Ṣingọ́ọ̀mù kan wà nígbà náà tí àwòrán àwọn ará òfurufú yìí máa ń wà nínú bébà rẹ̀. À ń jẹ ẹ́ títí ẹ̀rẹ̀kẹ́ á fi máa ro wá, nítorí àwòrán. A máa ń ṣe pàṣípààrọ̀ rẹ̀, èmi á sì gbé ti ẹlòmíràn sókè sí oòrùn wò dáadáa kí n tó gbà á, torí àwọn kan wà tó ń lẹ èyí tó ti ya pọ̀.

Lọ́jọ́ kan, ẹ̀gbọ́n ọ̀rẹ́ mi tó máa ń ná ọjà Kútọnu gbé nǹkan kan bọ̀ tó pa gbogbo wa lẹ́nu mọ́. Awakọ̀ náà fúnra rẹ̀ ni, ọmọláńgidi rọ́bà tó gùn tó àtẹ́lẹwọ́ àgbàlagbà. Ó dúró ṣánṣán, ó na ọwọ́ méjèèjì sí ẹ̀gbẹ́ ara, orí rẹ̀ ń dán. Gáréèjì ló ti fi lé àbúrò rẹ̀ lọ́wọ́, kò tilẹ̀ tíì délé. Ọ̀rẹ́ mi gbé e sínú agolo bisikíìtì, ó tì í sẹ́yìn àpótí aṣọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ níbi tó rò pé kò sẹ́ni tó máa dé. Mo ní kó gba gbogbo àwòrán tí mo ní, kó fún mi. Ó ní bí mo bá fi bàbá mi kún un, òun ò gbà.

Ilé wọn kò dùn lásìkò yẹn. Ìyàwó ẹ̀gbọ́n rẹ̀ bí ìbejì, ṣùgbọ́n Kẹ́hìndé ti padà sọ́run nínú ọyẹ́. Táyé nìkan ló kù, ó ń ké ṣáá, kì í mu ọmú dáadáa. Àwa ò rí tiwọn rò. Igbe ọmọ náà kò kàn jẹ́ ká gbọ́ ara wa ni.

Ọ̀sán ọjọ́ kan, a pàdé níbẹ̀, a wo awakọ̀ náà, ọ̀rẹ́ mi dá a padà, a sì jáde. Mo gbàgbé fìlà mi, mo padà wọlé lọ mú un. Ilẹ̀ mọ́, agolo ṣófo.

Ta ló padà wọlé? Èmi. Ta ló ti ń bẹ̀bẹ̀ fún un? Èmi náà ni. Wọn ò sọ ọ́ síta, ṣùgbọ́n ojú lọ̀rọ̀ wà. Ọmọ ọdẹ bá mú ọ̀bẹ bàbá rẹ̀ wá, ó ní kí kálukú fẹnu kan irin, kó búra. Òun ṣe é. Ọ̀rẹ́ mi ṣe é pẹ̀lú, bó tilẹ̀ jẹ́ pé mùsùlùmí ni. Ó wá kàn mí. Ààfáà ni bàbá mi, ó ti kìlọ̀ fún mi pé ọjọ́ tí mo bá fi irin búra, kí n má padà sílé òun. Mo ní kí wọ́n jẹ́ kí n fi Kùránì búra. Ọmọ ọdẹ rẹ́rìn-ín.

Ó ní, "Ẹ ò rí i? Ògún ló ń bẹ̀rù."

Ó parí nìyẹn. Bí mo bá dé, ọ̀rọ̀ á dákẹ́. Àwọn ọmọ kíláàsì wa á ní ẹni tó bá jalè lẹ́ẹ̀kan, bó dàrán borí, aṣọ olè ló dà bora. Ọ̀rọ̀ náà dé etí ìyá mi, ó sì dùn mí dé egungun, torí kò bú mi. Ó kàn ń wò mí nígbà tí mo bá ń jẹun. Èmi náà wá ń fura sí gbogbo ayé. Mo fura sí àpò ọmọ ọdẹ. Mo tilẹ̀ fura pé ọ̀rẹ́ mi ló gbé e pamọ́ fúnra rẹ̀, kó lè fi lé mi kúrò láàárín wọn.

Ọ̀sán kan ni ìyàwó ẹ̀gbọ́n ọ̀rẹ́ mi gbé Táyé wá sílé wa, kí bàbá mi ṣe àdúà fún un. Ó sọ ọmọ kalẹ̀ sórí itan. Ọmọ náà fa ìborùn ìyá rẹ̀, ìborùn ṣí, orí kan tó ń dán sì yọ jáde láti inú ìró rẹ̀. Awakọ̀ òfurufú ni. Ó ti wọ bùbá àǹkárá kékeré, tìróò sì wà lójú rẹ̀.

Bàbá mi ní, "Kí lo dè mọ́ra yẹn?"

"Ọmọláńgidi lásán ni, baba."

Bàbá mi wò ó. Ó wo Táyé, tó ti di orí ọmọláńgidi náà mú bí ẹni rí ẹni rẹ̀. Ó ní, "Ọmọláńgidi lásán kò burú." Ó ṣe àdúà lọ. Títí dòní ni mo ń fura pé bàbá mi mọ ohun tó wà níwájú rẹ̀ dáadáa.

Mo sìn ín dé ẹnu ọ̀nà. Mo ní, "Ìyá Ìbejì, níbo lẹ ti rí i?"

Ó ní, "Ọkọ mi ló rà á wá fún Kẹ́hìndé. Nígbà tí ọmọ kú, àwọn ìyá àgbà ní kí n wá nǹkan fi rọ́pò rẹ̀, kí Táyé má baà tẹ̀ lé e. Ọkọ mi ní ère onígi ò lè wọ ilé òun, pé kí ni òun máa wí fáwọn jànmọ́ọ̀. Mo sunkún títí. Ìgbà tí mo ń gbálẹ̀ ni mo rí èyí lẹ́yìn àpótí aṣọ rẹ̀. Mo mọ̀ pé àánú mi ló ṣe é, ojú ló ń tì í láti sọ. Mi ò sì bi í. Abẹ́ aṣọ ni mo ń gbé e sí nínú ilé. Ìgbà tí àwọn àgbà bá lọ kírun Alásárì ni mo ń wẹ àwọn méjèèjì. Látìgbà tí Kẹ́hìndé ti dé, Táyé ń mu ọmú."

Ó lọ. Mo dúró síbẹ̀. Ọ̀rọ̀ kan péré ló kù kí orúkọ mi tó mọ́, ṣùgbọ́n bí mo bá sọ ọ́, inú agolo ni Kẹ́hìndé máa padà sí. Ta ni mo tún lè fọkàn tán?

Níkẹyìn, mo ní kí ọ̀rẹ́ mi tẹ̀ lé mi. Kò fẹ́ tẹ̀ lé olè, ṣùgbọ́n ó tẹ̀ lé mi. A gba ẹ̀yìnkùlé ilé wọn lọ ní àsìkò ìrun Alásárì, a dúró sẹ́yìn ilé ìdáná. Táyé jókòó sínú abọ́ omi, awakọ̀ náà sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ìyá wọn fi ẹ̀wà rírọ̀ sẹ́nu ọ̀kan, ó fi kan ẹnu èkejì. Táyé ń rẹ́rìn-ín. Ojú mi ò kúrò lára ọwọ́ ọ̀rẹ́ mi, torí ẹ̀rù ń bà mí pé á já a gbà. Ọwọ́ náà gòkè, ó nu ojú rẹ̀ ni.

Ó ní, "Mo ti sọ fún ọ tipẹ́. Àbúrò rẹ̀ ni."

Ó yí padà, a jáde. Lọ́jọ́ kejì, ó sọ fún gbogbo wọn pé òun fúnra òun lòun jù ú sí kànga láìmọ̀. Ó parọ́ nítorí mi, Ọlọ́run á forí jì í. Ọmọ ọdẹ kò gbà. A ti darúgbó báyìí, bí mo bá jókòó tì í níbi ìkómọ, á di àpò rẹ̀ mú. Ó ní eré ni. N kò mọ̀.

Apá kẹta kò dé Ṣakí rárá. Ayé ti yí padà ṣá. Ohun tó dè wá lọ́kàn fún ọdún púpọ̀, ọmọ ọmọ mi fi ìka kan rí i lórí fóònù. Ẹ̀yin kò tún ní máa jiyàn lábẹ́ igi mọ́, fóònù ti dáhùn kí ẹnu tó ya. Ọmọ ọmọ mi ní wọ́n ń wá irú ọmọláńgidi yẹn káàkiri àgbáyé, pé níbo ni tiwa wà. Mo ní kó bi Táyé, ẹni tó di bàbá ọlọ́mọ, tó wá kí mi lọ́jọ́ Iléyá.

Táyé rẹ́rìn-ín sí i. Ó kọjú sí mi, ó ní, "Kẹ́hìndé wà nílé, bàbá. Ó ní kí n kí yín."

Ọmọ ọmọ mi ti gbé fóònù sún mọ́ mi. Ó ní apá kẹta rèé, ṣé kí òun tẹ̀ ẹ́, kí n wo ẹni tó wà lẹ́nu ilẹ̀kùn. Mo ní kó pa á.