Ọjọ́ Tí Bàbá Ṣadé Ní "Páàsì"

Ọmọ ọdún méjìdínlọ́gbọ̀n ni mí nígbà tí ohun tí mo fẹ́ ròyìn fún yín yìí ṣẹlẹ̀. Tíṣà ni mí ní Ṣakí, ìfẹ́ Ṣadé sì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ sọ mí di wèrè!

Bàbá rẹ̀, akọ̀wé kóòtù tó ti fẹ̀yìn tì, ní òun kì í fọmọ fún ẹni tí òun kò bá tíì bá ta káàdì. Kì í ṣe wọ́ọ̀tì o! Bírííjì ni. Ẹni méjì á dojú kọ ẹni méjì, kóówá á sì kọ́kọ́ fẹnu pe iye ìgbà tó rò pé àwọn yóò jẹ lé ní mẹ́fà, àti irú káàdì tí yóò borí: kíláàbù, háàtì, sípéèdì. Mo ti kọ́ ọ ní kọ́lẹ́ẹ̀jì. Kí ló tún kù?

Ní ọ̀sán Sátidé kan nígbà ọyẹ́, èmi àti Bàbá jọ dojú kọ tíṣà méjì láti Ìsẹ́yìn lábẹ́ igi mángòrò ilé Bàbá. Òkúta wẹ́wẹ́ la fi tẹ káàdì kí afẹ́fẹ́ má gbé e lọ.

Mo wo ọwọ́ mi. Káàdì ńláńlá nìkan! Mo pe "Kíláàbù méjì." Kíláàbù kan ṣoṣo ló wà lọ́wọ́ mi o. Àmì ni ìpè yẹn: ọwọ́ mi kún, kí ẹnìkejì mi má ṣe dákẹ́. Èmi àti Bàbá ti jọ fohùn ṣọ̀kan lórí ẹ̀ kí a tó jókòó.

Bàbá wò mí láti òkè délẹ̀. "Páàsì." Ìyẹn ni pé ó dákẹ́, ó sì fi mí sílẹ̀ lórí kíláàbù méjì.

Páàsì kẹ̀! Wọ́n jẹ wá bí ẹní jẹ àgbàdo sísun. Múfú, ọ̀kan nínú àwọn ará Ìsẹ́yìn, ní, "Tíṣà, ṣé bí ẹ ṣe ń kọ́ àwọn ọmọ ní Ṣakí nìyí?"

Mo fi ohùn jẹ́jẹ́ rán Bàbá létí pé ìpè yẹn kò gba ìdákẹ́. Háà!

"Ta ni kò gbọ́dọ̀ dákẹ́? Ìwọ tó ń tọrọ ìyàwó lọ́wọ́ mi ni yóò fi tipá là mí lẹ́nu?"

Ṣadé, tó ń gbé omi bọ̀, dúró gbagidi. Mo rí i pé ìyàwó ti fẹ́ bọ́ mọ́ mi lọ́wọ́.

"Ẹ má bínú, sà. Kì í ṣe àṣẹ. Bí mo bá pe irú ìyẹn, mo dọ̀bálẹ̀ fún yín ni. Ṣé ẹ lè fi mí sílẹ̀ nílẹ̀ láì wí nǹkan kan? Àwọn ìpè mìíràn wà tó dà bí ìgbà tí mo kàn sọ pé mo ti yó. Ìyẹn, ẹ lè dákẹ́."

Bàbá bú sẹ́rìn-ín! Àṣé mo tún ti dá wàhálà mìíràn sílẹ̀. Nígbà tí mo pe sípéèdì kan, ìpè lásán tí kò di dandan, Bàbá tí kò ní nǹkan kan lọ́wọ́ fèsì tàánútàánú: "Dìde, ọmọ mi! Sípéèdì méjì!" A tún ṣubú.

"Bàbá, mo ti yó ni mo wí, n kò tíì dọ̀bálẹ̀!"

Ẹ̀rín pa Múfú débi pé káàdì bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Nígbà tó yá, Bàbá ló kọ́kọ́ pè: háàtì kan. Mo fo sípéèdì kan, mo pe sípéèdì méjì. Èyí di dandan! Bàbá rẹ́rìn-ín músẹ́. "Mo rí ọ nílẹ̀. Háàtì mẹ́ta." Báyìí la ṣe gùn ún dé háàtì mẹ́fà, a sì jẹ ìgbà méjìlá nínú mẹ́tàlá, bí a ṣe pè é gẹ́lẹ́!

Bàbá ń kó káàdì jọ, kò wojú mi. "Ìgbà wo làwọn èèyàn rẹ ń bọ̀ wá rí wa?"

Ó ti gbà! Mo dákẹ́ lọ gbári.

Múfú ló pariwo: "Tíṣà, fèsì! Ìyẹn ò gba páàsì!"

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ẹni tó bá dákẹ́ sí wa lè ti gbọ́ wa dáadáa. Bóyá bí a ṣe pè é ni kò bá a lára mu. Ta ló ti "páàsì" mọ́ ẹ̀yin náà lójú rí? Ẹ sọ fún wa, ẹ sì jọ̀ọ́, ẹ fi tiwa kọ́gbọ́n.