Àdúrà Lórí Ọ̀dà Tútù

Láti Mẹ́kà ni ìyá mi ti pè mí, ohùn rẹ̀ ń wọlé, ó ń jáde. Ó ní, "Ọkọ̀ bàbá rẹ ni mo fẹ́ wọ̀ wọ̀lú o. Mi ò fẹ́ ọkọ̀ ẹlòmíì." Mo ní, "Ẹ fọkàn balẹ̀, mà." Bí mo ṣe gbé fóònù sílẹ̀, mo wo ọkọ̀ náà lábẹ́ igi máńgòrò ní àgbàlá wa ní Ìsàlẹ̀ Ìjẹ̀bú, ọkàn tèmi ni kò balẹ̀ mọ́.

Abẹ́ igi yẹn ló wà láti ìgbà tí bàbá mi ti kú. Mo ń tan án lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, nítorí náà ẹ́ńjìnnì rẹ̀ dára, ṣùgbọ́n ara rẹ̀ ti dógùn-ún. Ìsàlẹ̀ ilẹ̀kùn ti jẹ. Irin tó wà lókè táyà ẹ̀yìn ti rọ̀ débi pé tí ènìyàn bá fi ìka tẹ̀ ẹ́, ìka á wọlé lọ. Bí ìyá mi bá fi irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ wọ̀lú, gbogbo àdúgbò ni yóò máa sọ pé ohun tí olóògbé fi sílẹ̀ ti jẹrà mọ́ ìyàwó àti ọmọ lọ́wọ́. Ìyá mi ò ní sọ ọ́ jáde, àmọ́ yóò dùn ún wọra.

Oníṣẹ́ tó ń tún ara ọkọ̀ ṣe tí mo bá ní Bẹẹrẹ ní kí n fi ọkọ̀ sílẹ̀ fún oṣù kan. Oṣù kan kẹ̀! Ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ni ìyá mi ń dé. Inú bí mi, mo ní ṣebí ènìyàn ló ń ṣe é. Mo wo fídíò lórí fóònù títí ojú fi ń ta mí, mo ra sánpépà àti búrọ́ọ̀ṣì onírin, mo sì lọ yá ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń fín ọ̀dà.

Àbúrò bàbá mi obìnrin, tí mò ń pè ní Àǹtí, ló bá mi ṣe é. Aládùúrà ni, òun nìkan ló ń wọ sùtánà nínú agbo ilé wa tó kún fún Mùsùlùmí, kò sì sí iṣẹ́ tí kì í dá sí. Ó ká ìró rẹ̀ sókè, ó jókòó sórí àpótí lẹ́gbẹ̀ẹ́ táyà, ó ń ha ìdógùn-ún bí ẹni ń ha ìdí ìkòkò. Kò pẹ́ tí àwa méjèèjì fi pọ́n láti orí dé ẹsẹ̀. Àwọn tó ń kọjá ń kí wa pé, "Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin mẹ́káníìkì!" Àǹtí á ní, "Ẹ gbé tiyín wá!"

Pọ́tì tí wọ́n fi ń dí ihò ló kọ́kọ́ fojú mi rí màbo. Oògùn kan wà tí wọ́n ń pò mọ́ ọn kí ó lè tètè le. Mo po oògùn náà jù, ó sì gan mọ́ orí páálí kí n tó gbé e dé ìdí ọkọ̀. Àǹtí mú páálí náà, ó ń fi fẹ́ ara rẹ̀. Mo kọ́kọ́ bínú, lẹ́yìn náà ni ẹ̀rín pa mí.

Ó ku ọ̀la kí ìyá mi dé ni a tó fín ọ̀dà. A wọ́n omi sílẹ̀ kí eruku má bàa dìde, a fi agọ̀ bo àwọn adìyẹ, a lẹ ìwé ìròyìn mọ́ gbogbo gíláàsì. Àwọ̀ ewé ni bàbá mi fẹ́ràn, òun náà ni mo rà. Bí ọ̀dà ṣe ń bà á, tí ọkọ̀ ń tàn yinrinyinrin, inú mi dùn débi pé mo ń jó yí i ká. Mo kéde fún gbogbo ilé pé kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kàn án.

Bàbá àgbà agbo ilé wa kò sí níbẹ̀ nígbà tí mo kéde. Mọ́ṣáláṣí ló ti ń bọ̀, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ kírun Alásárì tán, ojú rẹ̀ sì ti ń ṣe bàìbàì. Ó ní, "Ọkọ̀ tuntun rèé!" Kí n tó lanu, ó ti gbé àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì lé orí bọ́nẹ́ẹ̀tì, ó ti bẹ̀rẹ̀ àdúrà.

Mo pariwo pé, "Bàbá, kò tíì gbẹ o!"

Àǹtí gbá mi létí ìhà. "Ṣé àdúrà lo fẹ́ dá dúró?"

Nílé wa, tí àgbà bá gbé ọwọ́ lé ọkọ̀, ẹnikẹ́ni tó bá wà níbẹ̀ gbọ́dọ̀ gbé ọwọ́ lé e. Gbogbo ará ilé tó wà níbẹ̀ ló mọ̀ pé ọ̀dà náà tutù. Wọ́n ń wojú ara wọn, wọ́n sì ń gbé ọwọ́ lé e lọ́kọ̀ọ̀kan, ilẹ̀kùn, òrùlé, búùtù. Àǹtí fúnra rẹ̀, tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ ha ìdógùn-ún, tẹ ọwọ́ mọ́ ẹ̀yìn ọkọ̀, ó ń ké "Halelúyà!" láàárín "Àmín." Èmi nìkan ni mo káwọ́ lérí. Bàbá ṣàdúrà fún olóògbé, ó ṣe fún Alhaja tó ń bọ̀, ó ṣe fún táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Nígbà tó parí, ó ní, "Àmín," gbogbo wọn sì fi àtẹ́lẹwọ́ nu ojú bí a ṣe máa ń ṣe.

Ojú gbogbo wọn di àwọ̀ ewé. Irùngbọ̀n Bàbá ńkọ́! Ẹnìkan bú sẹ́rìn-ín, ni àgbàlá bá dàrú. Mo ń sunkún, mo ń rẹ́rìn-ín, mo ń bú wọn lẹ́ẹ̀kan náà.

Oníẹ̀rọ ti gba ẹ̀rọ rẹ̀ lọ. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, àpá ọwọ́ ti gbẹ mọ́ ara ọkọ̀ kítikìti. Mo ju agolo ọ̀dà tó ṣẹ́kù àti búrọ́ọ̀ṣì sínú búùtù, bóyá màá rí àyè tún un ṣe lójú ọ̀nà. N kò rí àyè kankan. Nígbà tí mo fi máa dé ibi tí mo ti fẹ́ pàdé ìyá mi, ó ti sọ̀kalẹ̀ nínú bọ́ọ̀sì àwọn tó ti Mẹ́kà dé, ó wọ funfun láti òkè délẹ̀, ó dúró ti ẹrù rẹ̀.

Ó yí ọkọ̀ náà ká. Mo ní, "Ẹ má bínú, mà, wọ́n ń ṣàdúrà ni…" Ó na ìka sí mi pé kí n dákẹ́.

"Ọwọ́ Bàbá àgbà nìyí, ìka rẹ̀ tó wọ́ nìyí." Ó kọjá sẹ́yìn. "Ti àbúrò bàbá rẹ nìyí, ọwọ́ rẹ̀ gbòòrò." Ó gbójú sókè. "Tìrẹ dà?"

Mo ní, "Èmi ni mò ń pariwo pé kò tíì gbẹ, mà."

"Gbogbo ilé gbé ọwọ́ lé ọkọ̀ ọkọ mi, ọmọ tó bí ni kò gbé ọwọ́ lé e?"

Mo ṣí búùtù, mo kun ọ̀dà sí àtẹ́lẹwọ́ mi. Ìyá mi ká apá aṣọ funfun rẹ̀ sókè, ó di ọrùn ọwọ́ mi mú, ó sì tẹ àtẹ́lẹwọ́ mi mọ́ ilẹ̀kùn tí òun máa gbà wọlé.

Nígbà tí a fi máa gun òkè Mapó, ọwọ́ mi ti lẹ̀ mọ́ sítíárìn. Mo ń sáré, ojú ń tì mí, inú mi sì ń dùn. Ìyá mi sọ gíláàsì kalẹ̀, ó ní, "Rọra wà á. Jẹ́ kí wọ́n rí i."