Ìdákẹ́jẹ́ fún Ẹni Tó Wà Láàyè

Àwọn ará mọ́sáláṣí tí Nusaybah ń lọ ní Peckham, ní London, mọ̀ ọ́n sí ẹni tí kì í parọ́. Ìdí nìyẹn tí ohun tó ṣe lórí òkè kan ní Kent fi ṣòro fún un láti sọ fún ẹnikẹ́ni.

Bàbá rẹ̀, Alhaji Làtíìfù, ló dá iléeṣẹ́ wọn sílẹ̀. Ṣáájú ìyẹn, abẹ́ agbaṣẹ́ṣe kan ni wọ́n ti ń tún lífíìtì ṣe ní North Peckham Estate, àdúgbò ilé káńsù. Nígbà tí káńsù wá wó èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn ilé náà, iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ wọn. Wọ́n tọrọ ẹ̀rọ tí ń fa okùn onírin lára ohun tí káńsù fẹ́ kó dà nù, wọ́n gbé e lọ sí ṣọ́ọ̀bù kékeré kan lábẹ́ afárá reluwé. Ìyàwó wọn, Àsúmáù, béèrè ohun tí wọ́n fẹ́ fi ṣe. Wọ́n ní àwọn ò tíì mọ̀.

Àsúmáù ló bá wọn mọ̀ ọ́n. Ó ń tọ́jú arúgbó òyìnbó kan ní East Dulwich, ọmọ arúgbó náà sì ní òkè kan tí wọ́n tẹ́ ike tó rí bíi búrọ́ọ̀ṣì sí lára, níbi tí àwọn èèyàn ti ń de pátákó mọ́sẹ̀ tí wọ́n ń yọ̀ wálẹ̀ bí ẹni pé orí yìnyín ni wọ́n wà. Yíyọ̀ wálẹ̀ dùn. Gígun òkè padà ló ń tán wọn lókun. Alhaji lọ wò ó. Wọ́n ta okùn onírin láti ìsàlẹ̀ dé orí òkè, wọ́n so ọ̀pá mọ́ ọn, kéèyàn ṣáà ti di ọ̀pá mú, okùn á fà á gòkè. Àsúmáù, tó mọ irun dì, ló ń lọ́ imú okùn méjèèjì wọnú ara wọn tí ojú àsopọ̀ kò ní hàn. Bí tọkọtaya tí kò fẹsẹ̀ tẹ òkè yìnyín rí ṣe di ẹni tí ń ta ẹ̀rọ òkè yìnyín nìyẹn.

Nusaybah bá wọn nídìí iṣẹ́ náà lẹ́yìn tó jáde yunifásítì. Ó wá ṣàkíyèsí pé oníbàárà á fi ìtara pè, ṣùgbọ́n tó bá ti gbọ́ "Làtíìfù àti Àsúmáù, Peckham," kò ní pè mọ́. Lẹ́yìn ikú ìyá rẹ̀, ó yí orúkọ iléeṣẹ́ padà sí "Gletschner", orúkọ tó dún bíi ti àwọn ará Switzerland, ilẹ̀ olókè yìnyín.

"Ta ló ń jẹ́ bẹ́ẹ̀?" Alhaji béèrè.

"Kò sẹ́ni tó ń jẹ́ ẹ, Dádì. Orúkọ ọjà lásán ni."

"Ilé là á wò ká tó sọmọ lórúkọ. Ilé wo lo wò?"

Orúkọ nìkan kò tó Nusaybah. Ó tún gbé ìtàn kan sórí íńtánẹ́ẹ̀tì, pé bàbá àgbà kan láti Switzerland ló dá iléeṣẹ́ náà sílẹ̀. Bí wọ́n ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í pè láti ibi gbogbo nìyẹn, títí kan obìnrin kan tó ní irú òkè bẹ́ẹ̀ ní Kent.

Lọ́jọ́ tí wọ́n ṣí ẹ̀rọ ibẹ̀, èrò pé bíbí. Alhaji wà nídìí ẹ́ńjìnnì ẹ̀rọ pẹ̀lú sípánà, wọ́n wọ aṣọ iṣẹ́ tí gíríìsì ti bà jẹ́. Ẹ̀rọ ṣiṣẹ́ wẹ́rẹ́, àwọn èèyàn pàtẹ́wọ́. Obìnrin náà di ọwọ́ Nusaybah mú.

"Bàbá àgbà yín tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ yìí ńkọ́? Ṣé wọ́n ṣì wà láyé?"

Nusaybah mọ̀ pé bàbá rẹ̀ ń gbọ́. Ó fẹ́ dá ọ̀rọ̀ náà dúró níbẹ̀ kó má bàa gùn jù. "Wọ́n ti kú," ó ní.

Ojú obìnrin náà rẹ̀ wálẹ̀. Kí Nusaybah tó mọ ohun tí ń ṣẹlẹ̀, obìnrin náà ti gbé máíkì, ó ní kí gbogbo èèyàn dìde kí wọ́n dákẹ́ díẹ̀ fún ọkùnrin ńlá tó dolóògbé. Wọ́n pa ẹ̀rọ. Gbogbo òkè pa lọ́lọ́. Nusaybah yíjú, ó rí bàbá rẹ̀. Wọ́n ti gbé sípánà sílẹ̀, wọ́n ti ṣí fìlà, wọ́n doríkodò pẹ̀lú àwọn yòókù. Ì bá dùn mọ́ ọn kí ilẹ̀ lanu kó gbé e mì.

Nusaybah ló wa mọ́tò bí wọ́n ṣe ń bọ̀ wálé. Nígbà tí wọ́n dé Forest Hill nítòsí ilé, ó bú sẹ́kún.

"Dádì, ẹ dárí jì mí."

"Wa mọ́tò, Nusaybah. Òjò ń rọ̀."

Ìgbà tí wọ́n wọlé, tí wọ́n kírun tán, ni Alhaji tó lanu. "Níbi iṣẹ́ lífíìtì, Terry ni ọ̀gá mi ń pè mí. Ó ní Làtíìfù le lẹ́nu. Ó pè mí bẹ́ẹ̀ níṣojú rẹ nígbà tó o wà ní kékeré, mo dáhùn, mo tún rẹ́rìn-ín. Kí ni mo fẹ́ bá ọ wí? Ọ̀dọ̀ mi lo ti kọ́ ọ." Wọn ò gbé ojú wọn sókè.

Èyí dun Nusaybah ju kí wọ́n bú u lọ. Ó ti rò pé òun nìkan lojú ń tì nínú ilé náà.

Ní òwúrọ̀, ó pe obìnrin tó ni òkè náà lórí fóònù, ó sọ gbogbo rẹ̀ fún un láìfi nǹkan kan bò.

"Bàbá tó ṣí fìlà nídìí ẹ̀rọ," obìnrin náà béèrè, "ta ni?"

"Bàbá mi ni. Àwọn gan-an ló dá iṣẹ́ náà sílẹ̀."

"Ẹ ò bá ti sọ fún mi. Kí ló kàn mí pẹ̀lú Switzerland? Ẹ̀rọ tó dáa ni mo ń wá." Ó ní kó sọ fún bàbá pé kí wọ́n wá jẹun lọ́dọ̀ òun.

Alhaji kò lọ. Wọ́n kí i lórí fóònù tìyẹ́sí-tìyẹ́sí, ṣùgbọ́n wọ́n ní ẹsẹ̀ àwọn kò lè gun òkè yẹn mọ́. Nusaybah dá orúkọ bàbá àti ìyá rẹ̀ padà sára gbogbo ẹ̀rọ. Àwọn oníbàárà kan sá, àwọn mìíràn dúró.

Bí àkókò àtúnṣe bá tó, òun fúnra rẹ̀ ló ń lọ sí Kent. Obìnrin náà á po tíì fún un, á béèrè àlàáfíà bàbá, á sì rẹ́rìn-ín sí i láìní ẹ̀tàn nínú. Ẹ̀rín yẹn ni Nusaybah kò tíì lè wò lójú. Dípò bẹ́ẹ̀, ó máa ń bẹ̀rẹ̀ mọ́ ìdí ẹ́ńjìnnì ẹ̀rọ, bíi pé ohun kan wà níbẹ̀ tí òun kò tíì dè dáadáa.