Ẹ̀rọ Tó Gbàgbé Ohùn Daddy

Ẹnìkan ṣoṣo ni wọ́n ní kó máa bá ẹ̀rọ náà sọ̀rọ̀. Òyìnbó tó gbé e wá sọ ọ́ lójú mi, etí mi méjèèjì ni mo sì fi gbọ́ ọ. Mo tètè sọ èyí kí ẹnikẹ́ni má baà rò pé àìmọ̀ ni mo fẹ́ fi bojú.

Ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990 ni. Woolwich ní London ni mò ń gbé nígbà náà, iṣẹ́ mi sì ni kí n máa lọ tọ́jú àwọn àgbàlagbà nínú ilé wọn. Bàbá kan wà ní Thamesmead tí mò ń lọ sọ́dọ̀ wọn lójoojúmọ́ àyàfi ọjọ́ Sọ́ńdè. Daddy ni mò ń pè wọ́n, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọmọ Ìjẹ̀bú ni wọ́n, èmi sì jẹ́ ọmọ Ìbàdàn, a ò bá ara wa tan rárá. Wọ́n ti tọ́jú ẹrù fún ọ̀pọ̀ ọdún ní ilé ìkẹ́rùsí kan ní Nathan Way kí wọ́n tó fẹ̀yìn tì. Ìyàwó wọn ti kú, wọ́n sì ń dá gbé nínú fúláàtì tó kọjú sí omi Birchmere Park. Nígbà òtútù, kùrukùru á bo omi náà títí di ọ̀sán, àá máa gbọ́ igbe pẹ́pẹ́yẹ láì rí pẹ́pẹ́yẹ kankan. Mi ò fẹ́ràn ibẹ̀ rí. Daddy ni mo fẹ́ràn.

Àìsàn tó ń jẹ iṣan ara ló ń ṣe wọ́n. Ìka ló kọ́kọ́ mú, ó gba ibẹ̀ gun apá, ó sọ̀ kalẹ̀ sí ẹsẹ̀. Dókítà ti sọ fún wọn pé ọ̀fun ló kàn. Daddy gbọ́ ọ, wọn ò sunkún. Ohun kan ṣoṣo ni wọ́n sọ pé àwọn fẹ́ ṣe kí ohùn àwọn tó lọ: àwọn fẹ́ kọ lẹ́tà sí ọmọ àwọn.

Ọmọbìnrin kan ṣoṣo ni wọ́n bí. London ló dàgbà sí, ó sì ti tó ọdún méje tí bàbá àti ọmọ ti rí ara wọn gbẹ̀yìn. Nígbà tí ìyá rẹ̀ kú, ìlú tó jìnnà lápá àríwá ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni ọmọ náà ti ń ṣiṣẹ́. Kó tó dé, wọ́n ti sin òkú, nítorí ìsìnkú Mùsùlùmí kì í dúró de ẹnikẹ́ni. Ní ẹnu ọ̀nà itẹ́ òkú, lójú gbogbo ènìyàn, Daddy sọ fún un pé kò ní ìyá mọ́, kò sì ní bàbá. Ó yí padà, ó lọ. Ẹyin lọ̀rọ̀, bó bá balẹ̀, kì í ṣeé kó.

Mo ní, "Daddy, ẹ jẹ́ kí n bá yín kọ ọ́. Mo mọ English kọ dáadáa."

"Rárá o. Ọ̀rọ̀ èmi àti ọmọ mi ni. Mi ò fẹ́ kí third party gbọ́ ọ."

"Ẹ sọ ọ́ sínú cassette nígbà yẹn, báwa náà ṣe ń fi ránṣẹ́ sí àwọn ará ilé."

Wọ́n mi orí. "Ohùn yìí náà ni mo fi lé e. Tó bá ti gbọ́ ọ, á pa tape yẹn kí n tó dé ibi sorry."

Báyìí ni ẹgbẹ́ aláàánú kan ṣe yá wọn ní kọ̀ǹpútà tó ń gbọ́rọ̀. Gẹ̀ẹ́sì nìkan ló gbọ́, ìyẹn ò sì dun Daddy, torí Gẹ̀ẹ́sì nìkan ni ọmọ wọn lè kà. Máìkì kékeré kan dúró lórí tábìlì níwájú rẹ̀. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, láti àárọ̀ títí dìgbà tí mo fi ń múra àti lọ, ńṣe ni Daddy ń ka ọ̀rọ̀ fún un lọ́kọ̀ọ̀kan, tí ó sì ń kọ́ ohùn wọn bí ọmọ ilé kéwú ṣe ń kọ́ wàláà. Òyìnbó náà ṣàlàyé pé ẹ̀rọ yìí ò mọ èdè bí ènìyàn ṣe mọ̀ ọ́n. Yóò gé ohùn náà sí wẹ́wẹ́, yóò fi wé èyí tó ti kọ́ lẹ́nu Daddy, yóò sì mú ọ̀rọ̀ tó bá jọ ọ́ jù lọ. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi gbọ́dọ̀ sọ ọ̀rọ̀ kan, kí wọ́n dákẹ́, kí wọ́n tó sọ òmíràn. Gbogbo ọ̀rọ̀ tó bá sì gbà sílẹ̀ ló ń fi kún ohun tó mọ̀ nípa ohùn náà. Ó ní bí ẹlòmíì bá ń dá sí i, yóò máa kọ́ ti ẹni yẹn, yóò sì máa gbàgbé ti bàbá. Tíì ni mò ń pò lọ́wọ́ nígbà tó sọ ọ́.

Ẹ̀rù ẹ̀rọ yẹn bà mí láti ọjọ́ kìíní. Kì í sinmi. Bí Daddy bá wúkọ́, ọ̀rọ̀ á yọ sójú rẹ̀. Bí ilẹ̀kùn bá pa dé gbàà, ọ̀rọ̀ á yọ. Nígbà mìíràn a ó dákẹ́, èmi ń tẹ́ bẹ́ẹ̀dì, Daddy ń mí, "the" á yọ, "and" á tẹ̀lé e, bí ẹni pé ẹnìkan wà láàárín wa tó fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀. Mo máa ń sọ Aúsù bílláhì lábẹ́nu. Ògiri létí, a ti ń gbọ́ ọ láti kékeré, ṣùgbọ́n ògiri kì í kọ ọ́ sílẹ̀.

Ilé ìdáná ni wọ́n máa ń lé mi sí tí wọ́n bá fẹ́ bá a sọ̀rọ̀. Láti ibẹ̀ ni mo ti ń gbọ́ wọn: ọ̀rọ̀ kan, ìdákẹ́jẹ́, ọ̀rọ̀ kan, ìdákẹ́jẹ́, bí ẹni tó ń pe orúkọ àwọn tí kò ní jẹ́ ẹ.

Ní oṣù kejì, ohùn bẹ̀rẹ̀ sí í fà sẹ́yìn. Lọ́jọ́ kan, "hospital" ni wọ́n fẹ́ sọ. Wọ́n sọ ọ́, ẹ̀rọ kọ nǹkan míì. Wọ́n ní kó pa á rẹ́, wọ́n tún un sọ. Ẹ̀ẹ̀mẹfà. Mò ń gbọ́ bí èémí wọn ṣe ń já. Èmi ò ní sùúrù, ẹni tó bá mọ̀ mí mọ̀ bẹ́ẹ̀. Mo yọ orí sílẹ̀kùn, mo pariwo rẹ̀: "Hospital!" Ó kọ ọ́ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀.

Daddy wò mí, wọ́n wo ẹ̀rọ. "Ó gbọ́ ẹ," ni wọ́n sọ.

"Ẹ má bínú, Daddy. Ó ń dá yín lágara ni."

Nílé tí wọ́n ti tọ́ mi, ọmọ tó bá rí ẹrù lọ́wọ́ àgbà tí kò gbà á, wọ́n á bi í pé ta ló bí i. Ohun tí mo rò pé mò ń ṣe nìyẹn. Láti ọjọ́ náà, mo bẹ̀rẹ̀ sí í jókòó ti Daddy. Wọ́n á sọ ọ̀rọ̀ kan sí mi létí wúyẹ́wúyẹ́, èmi á wí i sókè, ẹ̀rọ á kọ ọ́. Ìtàn ìgbà tí ọmọ náà wà ní kékeré ni, àti àìsàn ìyá rẹ̀. "Ibi tó kẹ́yìn," Daddy ní, "èmi fúnra mi ni màá sọ ìyẹn." Mo ní ó dáa. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta la fi ṣe é, ojoojúmọ́ ni àṣìṣe rẹ̀ ń dín kù, inú wa sì ń dùn.

Mo rí àmì. Kí n má purọ́, mo rí i. Daddy á wúkọ́, nǹkan kan ò ní yọ. Èmi á sín ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ọ̀rọ̀ á yọ. Mo fi rẹ́rìn-ín, mo ní ẹ̀rọ yìí ti fẹ́ràn mi. Ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, òun ní í kó ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́.

Ó di ọ̀sán ọjọ́ kan, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ kírun àìlà tán, Daddy pè mí láti pálọ̀, mo ta gìrì. Ohùn wọn mọ́ gaara, ohùn ẹni tí kò ṣàìsàn rí. Àwa tó ń tọ́jú aláìsàn mọ irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀, kì í dùn mọ́ wa nínú.

"Yí mi sí fèrèsé," wọ́n ní. "Mi ò fẹ́ máa wo ohun tó ń kọ, mi ò ní lè sọ ọ́ tán. Gbé máìkì yẹn sún mọ́ mi. Kí o wá jáde nílé pátápátá."

"Ẹ má jẹ́ kó rẹ̀ yín jù o, Daddy."

"Máa lọ, ọmọ mi."

Mo lọ ń rìn yí omi ká nínú Birchmere Park. Kùrukùru ti ń ká. Nígbà tí mo dé òdìkejì, mo gbójú sókè, mo rí Daddy lójú fèrèsé lókè lọ́hùn-ún. Ẹnu wọn ń ṣí, ó ń pa dé. Ó ń ṣí, ó ń pa dé. Mi ò gbọ́ nǹkan kan. Pẹ́pẹ́yẹ pàápàá ti dákẹ́. Ìtìjú mú mi bí ẹni tó yọjú wo ìhòòhò bàbá rẹ̀, mo kọ ẹ̀yìn sí wọn títí ẹsẹ̀ mi fi tutù wọ egungun.

Nígbà tí mo padà dé, ojú wọn mọ́ bí ojú ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ ẹrù kalẹ̀. Ohùn náà ti ń lọ. "Mo ti sọ ọ́ tán. Wò ó bóyá ó kọ ọ́. Má kà á o."

Mo wò ó. Odindi ojú ewé kan ló kún. Ibi tí wọ́n ti dánu dúró, ìlà ti já. Ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan tí wọ́n sọ ni ọ̀rọ̀ kan dúró fún. Ṣùgbọ́n kò sí ọ̀kan nínú wọn tó jẹ́ tiwọn. "Tuesday under pencil." "Carpet if eleven." Báyìí ló lọ láti òkè dé ìsàlẹ̀. Fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ohùn tèmi ni mò ń bọ́ ọ. Ohùn tèmi ló ń wá, ó wá gbọ́ àjèjì kan tó ń sọ̀rọ̀. Mo ní "Yéè" lábẹ́ èémí. Ọ̀rọ̀ kan yọ sísàlẹ̀ pátápátá, wéré, bí ẹni pé ó ti ń dúró dè mí.

"Ṣé ó kọ ọ́?"

"Ó kọ ọ́, Daddy. Gbogbo rẹ̀ ló kọ."

Irọ́ ni mo pa, mo sì mọ̀ pé irọ́ ni. Ẹ̀rù bà mí, ojú tì mí, mo sì ń gbọ́ bí ohùn wọn ṣe ń tán lọ. Kò sí èyí tí wọ́n máa fi tún un sọ. Wọ́n ní kí n tẹ̀ ẹ́ jáde, kí n fi ránṣẹ́. Mo fẹ́ yọ ojú ewé tó kẹ́yìn, ṣùgbọ́n ojú wọn ni mo ti dì í, ojú wọn náà ni mo ti lọ sọ ọ́ sínú àpótí lẹ́tà tó wà níwájú ilé. Nígbà tí mo gbójú sókè, Daddy mi orí sí mi láti ojú fèrèsé.

Lọ́jọ́ náà, bọ́ọ̀sì gbé mi kọjá ibi tí mo máa ń sọ̀, ó di iwájú Royal Artillery Barracks kí n tó mọ ibi tí mo wà. Mo fẹsẹ̀ rìn padà. Nígbà tí mo fẹ́ kírun nílé, mi ò lè kéwú sókè. Ohùn mi ń dún létí mi bí ohun tí mo jí.

Lọ́jọ́ kejì, ohùn Daddy ò jáde mọ́. Ojú ni wọ́n fi ń sọ̀rọ̀, ojú náà ni wọ́n sì fi bẹ̀ mí pé kí n má pa ẹ̀rọ náà. Bóyá wọ́n rò pé ohùn ṣì lè padà. Ó wà níbẹ̀ tó ń tàn. Mo ń rọra rìn nínú pálọ̀ kó má baà gbọ́ mi.

Ó lé ní ọ̀sẹ̀ kan, ẹnìkan kan ilẹ̀kùn lọ́sàn-án. Mo ṣí i. Obìnrin kan ló dúró, ojú Daddy gan-an ló gbé sójú. Lẹ́tà wà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Auntie, ìwọ lo ń look after ẹ̀?"

"Èmi ni. Wọlé."

Kò wọ pálọ̀. Ilé ìdáná ló fà mí lọ. "First pages yìí, fine, that's him. Ṣùgbọ́n èyí..." Ó na ojú ewé tó kẹ́yìn sí mi. "Has he lost it? Ṣé orí ẹ̀ ti dàrú ni? That's why I came. I got scared."

"Orí wọn ò dàrú. Èmi ni mo ba lẹ́tà yẹn jẹ́." Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un, mi ò dá ara mi láre.

Ó fi ìka lé ojú ewé náà. "So kí ló sọ níbí?"

"Mi ò mọ̀. Kò sẹ́ni tó mọ̀. Wọ́n ní kí n jáde."

"But he said it. Gbogbo word tó wà níbí, he said something."

"Ìkọ̀ọ̀kan wọn."

Ó gbé ojú ewé náà sún mọ́ ojú. Ètè rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í mì láì dún: ọ̀rọ̀ kan, ìdákẹ́jẹ́, ọ̀rọ̀ kan, ìdákẹ́jẹ́. Bí mo ṣe rí ẹnu bàbá rẹ̀ láti òdìkejì omi gan-an ló rí. Ó kà á dé ìsàlẹ̀, ó ká a, ó fi í sápò kóòtù rẹ̀, ó sì lọ sí pálọ̀.

Ó kúnlẹ̀ ti àga Daddy. "Daddy, mo ti ka letter yín," ó ní. "I read all of it. Gbogbo ẹ̀ ló yé mi."

Daddy wò ó. Omi ń dà lójú wọn, ẹnu wọn ń ṣí, ó ń pa dé, kò sí ohùn. Ọmọ náà gbé ọwọ́ bàbá rẹ̀ tí kò lè dá gbéra, ó fi lé orí ara rẹ̀.

Ẹ̀rọ náà wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn tó ń tàn. Kò kọ nǹkan kan fún bàbá, kò kọ nǹkan kan fún ọmọ. Ẹkún gbọ̀n mí lẹ́nu ọ̀nà, mo fọwọ́ bo ẹnu, ṣùgbọ́n mo ti pẹ́ jù. Ọ̀rọ̀ kan yọ sójú rẹ̀, òmíràn tẹ̀lé e. Nínú gbogbo àwa tó wà nínú ilé yẹn, ohùn tèmi nìkan ni ẹ̀rọ náà mọ̀.